Ìwé Tí Wọ́n Ti Sanwó Rẹ̀ Kí Wọ́n Tó Tẹ̀ Ẹ́

Láwọn ilé kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Amẹ́ríkà àti Jámánì, ó wọ́pọ̀ kí àgbàlagbà kan jókòó sídìí tábìlì lálẹ́, kó mú búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín dání, kó sì máa kun ère kan tí kò ga ju ààbọ̀ ìka ọwọ́ lọ. Ère náà lè jẹ́ jagunjagun, oṣó tàbí ẹranko abàmì. Onítọ̀hún lè lo wákàtí mẹ́wàá lórí ẹyọ kan ṣoṣo. Á kun ojú rẹ̀, á kun bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀, á sì kun ìpẹ́ ara ẹranko náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ tó bá di pé kó ya fọ́tò rẹ̀ kó lè fi han àwọn ọ̀rẹ́, ìṣòro dé. Ìkòkò ọbẹ̀, ògiri tí ọ̀dà rẹ̀ ti ṣá àti wáyà iná ló máa ń hàn lẹ́yìn jagunjagun náà.

Ìṣòro kékeré yìí ló bí irú ìwé kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Kò sí ìtàn nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ò sì tó nǹkan. Àwòrán ló kún ibẹ̀: igbó tí kùrukùru bò, òkè olókùúta, ìlú tí ogun ti bà jẹ́, ojú ọ̀run nígbà tí oòrùn ń wọ̀. Wọ́n yà wọ́n kí ẹni tó rà á lè ṣí ìwé náà, kó gbé e dúró sẹ́yìn ère rẹ̀, kó sì ya fọ́tò. Ọ̀nà tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń gbà jáde tún ṣàrà ọ̀tọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn tó máa lò ó ló ń dáwó jọ fún ẹni tó ya àwòrán náà, nígbà tí wọn ò tíì tẹ ẹyọ kan. Kí ló ń mú kí èèyàn fowó lé àjèjì lọ́wọ́ nítorí ìwé tí kò tíì sí? Kí sì ni ẹni tó gba owó náà jẹ àwọn tó fún un?

Eré ọmọdé tó di iṣẹ́ ọwọ́ àgbà

Ọjọ́ ti pẹ́ táwọn àgbàlagbà ti ń fi ère kéékèèké ṣeré. Lọ́dún 1913, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ H. G. Wells gbé ìwé kékeré kan jáde tó fi ṣàlàyé bí èèyàn ṣe lè fi àwọn sójà olójè tí ọmọdé ń ṣeré jagun lórí ilẹ̀ pálọ̀. Lọ́dún 1975, wọ́n dá ilé iṣẹ́ Games Workshop sílẹ̀ nílùú Lọ́ńdọ̀n. Nígbà tó fi máa di 1983, wọ́n ti gbé eré Warhammer jáde, èyí tí wọ́n ń tà káàkiri ayé lónìí.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ère náà ò ga ju mìlímítà 28 sí 32 lọ. Òjé ni wọ́n fi ń ṣe wọ́n tẹ́lẹ̀, ike ló pọ̀ jù báyìí. Bí wọ́n ṣe ń jáde látilé iṣẹ́, wọn kì í ní ọ̀dà lára. Ẹni tó rà wọ́n ló máa kùn wọ́n, àwọn kan ò sì ń fi wọ́n ṣeré rárá. Kíkùn yẹn gan-an ló ń fún wọn láyọ̀. Torí pé àwọn tó nífẹ̀ẹ́ sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà káàkiri, tí wọn kì í sábà gbé ládùúgbò kan náà, fọ́tò ni ọ̀nà kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ fi ń rí iṣẹ́ ara wọn. Bí fọ́tò náà bá burú, iṣẹ́ wákàtí mẹ́wàá ti wọmi nìyẹn.

Ohun tó wà lẹ́yìn ló ń gbé ti iwájú yọ

Kò dìgbà tí wọ́n bá ṣàlàyé èyí fáwọn ayafọ́tò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nígbà tí Seydou Keïta ṣí ilé ìyafọ́tò rẹ̀ sílùú Bamako, lórílẹ̀-èdè Mali, lọ́dún 1948, aṣọ aláràbarà ló máa ń ta sẹ́yìn àwọn oníbàárà. Aṣọ tó fi ń bo bẹ́ẹ̀dì ara rẹ̀ wà lára èyí tó kọ́kọ́ lò. Ní Gánà, Philip Kwame Apagya di ẹni táyé mọ̀ nítorí àwọn àwòrán ńláńlá tó máa ń wà lẹ́yìn àwọn tó bá wá ya fọ́tò: pálọ̀ tó kún fún tẹlifíṣọ̀n àti fíríìjì, tàbí ọkọ̀ òfuurufú tó dúró de èrò. Ẹni tí kò ní ìkankan nínú wọn lè wọṣọ tó dáa, kó dúró síwájú wọn, kí fọ́tò sì gbé e bí ẹni tó ní wọn. Ọ̀pọ̀ ìdílé ní Nàìjíríà ṣì ní irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ nínú álíbọ́ọ̀mù àtijọ́, tí òdòdó tàbí àtẹ̀gùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n fi ọ̀dà yà wà lẹ́yìn ìyàwó tuntun.

Iṣẹ́ kan náà ni àwòrán ẹ̀yìn ń ṣe fún ère kékeré, àmọ́ ó ní ohun mìíràn tó tún ń fún un. Ó ń fún un ní ìwọ̀n. Bí ìkòkò bá wà lẹ́yìn jagunjagun, ojú á rí i pé ike kékeré lásán ni. Bí òkè tó jìnnà bá wà níbẹ̀, ojú á gbà pé èèyàn gidi ló dúró yẹn.

Kì í ṣe àwòrán tó bá ṣáà ti rẹwà ló lè ṣe irú iṣẹ́ yìí o. Ayàwòrán tó mọ̀ ọ́n ṣe kì í jẹ́ kí àwọ̀ rẹ̀ tàn jù, torí kò fẹ́ kí ojú kúrò lára ère. Kì í ya ewé kọ̀ọ̀kan sára igi, torí pé ohun tó bá jìnnà máa ń ṣe bàìbàì lójú. Ó máa ń ronú nípa ibi tí ilẹ̀ àti ọ̀run ti pàdé. Bí kámẹ́rà bá wà ní ìwọ̀n ojú ère náà, ibi tí wọ́n ti pàdé gbọ́dọ̀ sún mọ́ ìwọ̀n ojú rẹ̀. Bí ó bá wà lókè jù tàbí nísàlẹ̀ jù, ńṣe ló máa dà bíi pé jagunjagun náà ń fò tàbí pé ó ń rì.

Ẹni tó ń ya fọ́tò náà ní tiẹ̀ láti ṣe. Ó máa ń gbé ère náà síwájú ìwé díẹ̀, bíi sẹ̀ǹtímítà 15 sí 30, kí òjìji rẹ̀ má bàa ṣubú sórí àwòrán. Á tún jẹ́ kí kámẹ́rà mú ère náà kedere, kí ẹ̀yìn sì ṣe bàìbàì. Iná méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, tó bá ti jẹ́ gílóòbù irú kan náà, sàn ju iná ojú fóònù fíìfíì lọ. Tí wọ́n bá ya oòrùn sí apá òsì nínú àwòrán, iná apá òsì ló yẹ kó mọ́lẹ̀ jù.

Bí wọ́n ṣe tẹ ìwé náà tún ṣe pàtàkì. Bébà rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ máa dán, torí bébà tó ń dán á máa tan ìmọ́lẹ̀ iná padà sójú kámẹ́rà. Ó gbọ́dọ̀ nípọn. Ó sì dáa kí wọ́n fi wáyà dì í bíi kàlẹ́ńdà orí tábìlì, kó lè ṣí tán pátápátá, kó sì dá dúró láìsí pé ẹnì kan dì í mú. Gbogbo ìyẹn ló ń mú kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ wọ́n láti tẹ̀.

Ìwé tí ilé iṣẹ́ ńlá ò ní fọwọ́ kàn

Níbi ìtẹ̀wé aláwọ̀ mèremère, owó tí wọ́n fi ń to ẹ̀rọ ò yàtọ̀, ì báà jẹ́ 500 ìwé tàbí 50,000 ni wọ́n fẹ́ tẹ̀. Bí ìwé bá ṣe kéré tó lówó orí ẹyọ kọ̀ọ̀kan ṣe ń ga tó. Ìwé ìdáná tàbí ìwé ìtàn lè rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún òǹrajà nílùú kan ṣoṣo. Àmọ́ àwọn tó nílò ìwé àwòrán ẹ̀yìn lè jẹ́ méjì péré nínú ìlú ńlá kan, mẹ́ta nínú òmíràn. Ilé iṣẹ́ tó ń gbé ìwé jáde á béèrè pé, ta ló máa rà á? Ilé ìtàwé á béèrè pé, abala wo ni ká tò ó sí?

Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí ayàwòrán náà fo gbogbo wọn, kó lọ bá àwọn òǹrajà fúnra wọn, kó sì bi wọ́n pé: “Ṣé ẹ máa rà á? Tẹ́ ẹ bá máa rà á, ẹ sanwó rẹ̀ báyìí, kí n lè rówó tẹ̀ ẹ́.” Ohun tí wọ́n ń pè ní ìdáwójọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìyẹn.

Kì í ṣe ohun tuntun

Lóòótọ́ íntánẹ́ẹ̀tì ló jẹ́ kó rọrùn, àmọ́ èrò náà ti pẹ́. Lọ́dún 1789, Olaudah Equiano gbé ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ jáde nílùú Lọ́ńdọ̀n. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé ilẹ̀ Ìgbò ni wọ́n ti jí òun gbé nígbà ọmọdé tí wọ́n fi tà òun sóko ẹrú, ó sì fi owó ara rẹ̀ ra òmìnira rẹ̀. Kí ìwé náà tó jáde, ó wá àwọn tó ṣèlérí pé àwọn máa rà á. Orúkọ 311 èèyàn ló wà níwájú ìwé náà nígbà tó kọ́kọ́ jáde, Ọmọ Ọba Wales ló sì ṣáájú wọn. Torí pé Equiano ò ta ẹ̀tọ́ ìwé náà fún ẹnikẹ́ni, òun ló ń jèrè rẹ̀. Ó tó ìgbà mẹ́sàn-án tí wọ́n tẹ ìwé náà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà ayé rẹ̀.

Lọ́dún 1885, ìpìlẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gbé ère Òmìnira ìlú New York lé dúró nítorí àìsí owó. Joseph Pulitzer tó ni ìwé ìròyìn New York World ké sí gbogbo èèyàn pé kí wọ́n dá ohun tágbára wọn bá ká, ó sì ṣèlérí pé òun máa tẹ orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan sínú ìwé ìròyìn. Láàárín oṣù mélòó kan, owó tó lé ní 100,000 dọ́là ti wọlé. Èyí tó pọ̀ jù lára àwọn tó dá a ni kò dá tó dọ́là kan.

Nígbà tí wọ́n wá dá Kickstarter sílẹ̀ nílùú New York lọ́dún 2009, ohun tí wọ́n fi kún un ni òfin kan tó rọrùn láti lóye: àfi kí owó náà pé. Ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ á sọ iye tó nílò àti ọjọ́ tó máa parí ìdáwó náà, kò sì gbọ́dọ̀ ju ọgọ́ta ọjọ́ lọ. Bí owó náà ò bá pé lọ́jọ́ náà, wọn ò ní yọ kọ́bọ̀ lórí káàdì báńkì ẹnikẹ́ni. Bó bá pé, gbogbo rẹ̀ á bọ́ sọ́wọ́ onítọ̀hún. Nǹkan bíi méjì péré nínú ìdáwó márùn-ún ló ń pé.

Àwọn tó fẹ́ràn ère kéékèèké wà lára àwọn tó tètè gba ọ̀nà yìí. Lọ́dún 2012, ilé iṣẹ́ Reaper Miniatures ní Texas béèrè 30,000 dọ́là kí wọ́n lè ṣe ère oníke. Èèyàn 17,744 ló dáwó, ó sì lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là. Àtìgbà yẹn ni ayàwòrán tó ń dá ṣiṣẹ́ nínú yàrá rẹ̀ ti mọ̀ pé àwọn òǹrajà òun wà níbì kan, wọ́n sì ṣe tán láti sanwó kí ọjà tó dé.

Ibi tí ìṣirò ti ń dani

Ká sọ pé ayàwòrán kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní òun nílò 20,000 pọ́n-ùn, tó sì ṣèlérí ìwé kan fún ẹni tó bá dá 25 pọ́n-ùn. Èèyàn 800 ló máa pé e. Inú rẹ̀ á dùn lọ́jọ́ tó bá pé, àmọ́ ẹ jẹ́ ká bá owó náà rìn. Kickstarter á mú ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn 1,000 pọ́n-ùn. Àwọn tó ń gba owó látinú káàdì báńkì á mú bíi 700. Bí ilé ìtẹ̀wé bá ní 8 pọ́n-ùn lòun máa gbà lórí ìwé kan, tí òun ò sì lè tẹ̀ ẹ́ kó dín ní 1,000, owó tó tó 8,000 ti lọ. Bí páálí àti owó ìfiránṣẹ́ bá jẹ́ 6 pọ́n-ùn lórí ìwé kọ̀ọ̀kan, 4,800 tún ti tẹ̀ lé e. Ohun tó kù ò ju nǹkan bíi 5,500 pọ́n-ùn lọ. Ibẹ̀ ni owó iṣẹ́ oṣù mélòó kan ti máa jáde.

Ìyẹn sì jẹ́ bí gbogbo nǹkan bá lọ déédéé. Ìwé tí bébà rẹ̀ nípọn máa ń wúwo. Owó àtifi irú rẹ̀ ránṣẹ́ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí Ọsirélíà lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ìwé náà fúnra rẹ̀, owó orí ẹnubodè sì lè wà níbẹ̀. Lọ́dún 2021, nígbà tí owó kọ̀ńténà orí òkun lọ sókè gan-an, àwọn tó ti gba owó lọ́wọ́ oníbàárà ṣáájú ìgbà yẹn rí i pé owó tí wọ́n ṣírò fún ìfiránṣẹ́ ò tó mọ́. Àwọn kan fi owó ara wọn dí i. Àwọn míì ní láti padà lọ béèrè owó sí i, ojú sì tì wọ́n.

Ewu tó ń dé bá àwọn tó dáwó náà kì í ṣe àròsọ. Lọ́dún 2015, Ethan Mollick, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Pennsylvania, gbé àbájáde ìwádìí kan jáde, nínú èyí tí 47,188 èèyàn tó ti dáwó lórí Kickstarter ti dáhùn ìbéèrè. Ó rí i pé ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún lára àwọn iṣẹ́ tí owó rẹ̀ pé ni kò mú ìlérí wọn ṣẹ. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ó ju mẹ́sàn-án lọ nínú mẹ́wàá tó gbìyànjú, àmọ́ ó tún túmọ̀ sí pé àwọn kan ò rí ohunkóhun gbà fún owó wọn. Kickstarter fúnra rẹ̀ kì í dá owó padà. Ó sọ fún gbogbo ẹni tó ń dáwó pé ilé ìtajà kọ́ lòun.

Ohun tí àwọn alájọ ti mọ̀

Ibí ni ọ̀rọ̀ yìí ti kan ohun tí àwọn Yorùbá ti ń ṣe tipẹ́. Àjọ àti èésú náà jẹ́ owó tí èèyàn ń fi lé ẹlòmíì lọ́wọ́ kí ohun tó fẹ́ fi ṣe tó dé. Táwọn èèyàn bá ń yin ẹnì kan pé orí rẹ̀ pé bí orí Alájọ Ṣómólú, ohun tí wọ́n ń rántí ni ọkùnrin kan tí wọ́n ní ó mọ iye owó gbogbo oníbàárà rẹ̀ lórí láìsí pé ó kọ ọ́ sílẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe orí pípé nìkan ló ń mú kí ìyá alátà gbé owó ọjọ́ rẹ̀ fún alájọ. Ó mọ ilé rẹ̀, ó mọ ìyàwó rẹ̀. Tó bá sá lọ, ó mọ ẹni tó máa lọ bá.

Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sẹ́ni tó mọ ilé ẹnikẹ́ni. Ohun mìíràn ló gbọ́dọ̀ rọ́pò ojú àti agbo ilé, ohun náà sì ni iṣẹ́ tó ti wà nílẹ̀. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni máa dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là ń wò. Nínú ọ̀rọ̀ ìwé àwòrán ẹ̀yìn, ó rọrùn láti wo ti ọrùn ayàwòrán. Ẹni tó ti ya gbogbo àwòrán náà tán, tó sì kàn nílò owó ìtẹ̀wé, yàtọ̀ pátápátá sí ẹni tó ya méjì, tó wá ní òun máa ya ogún yòókù tówó bá pé. Ẹni tó gbé ìwé kan tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ wò dúró sẹ́yìn ère gidi, tó yà á ní fọ́tò, tó sì sọ orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti máa tẹ̀ ẹ́ àti iye tí owó ìfiránṣẹ́ máa jẹ́, ti ṣe ìṣirò rẹ̀. Ẹni tó ti ṣe irú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ tó sì fi ránṣẹ́ lásìkò ní ẹ̀rí tó ju ẹnu dídùn lọ.

Ìlérí rẹpẹtẹ ló tún ń ba nǹkan jẹ́. Bí owó bá ti ń wọlé, ó máa ń wu ayàwòrán láti fi nǹkan kún un: àpò, káàdì, ìwé kejì. Gbogbo rẹ̀ ló lówó tirẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló sì ń fi oṣù kún oṣù. Ìwé kan tó dáa, tó dé lọ́jọ́ tí wọ́n dá, sàn ju ẹrù ńlá tí wọ́n retí títí tó sú wọn.

Bó ṣe kan àwọn ará ilé

Nàìjíríà kò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tí Kickstarter ti fàyè gba ẹni tó ń gbé níbẹ̀ láti béèrè owó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ní káàdì báńkì tó ń ṣiṣẹ́ lókè òkun lè dáwó fún ẹlòmíì. Ìyẹn ò dí Roye Okupe lọ́wọ́, ọmọ bíbí ìlú Èkó tó ń gbé ní Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ló ti lo Kickstarter láti gbé àwọn ìwé alàwòrán rẹ̀ nípa àwọn akọni ilẹ̀ Áfíríkà jáde, kí ilé iṣẹ́ ńlá tó ń jẹ́ Dark Horse tó gba àwọn ìwé rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Iyanu, tó gbé ka ìtàn àti àṣà Yorùbá, ti di eré àwòrán lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́dún 2025. Àwọn òǹkàwé tó dá owó kékeré nígbà tí kò tíì lórúkọ ló ṣí ọ̀nà náà.

Ní Nàìjíríà fúnra rẹ̀, àjọ ìjọba tó ń bójú tó káràkátà ìpín ìdókòwò, ìyẹn SEC, ṣe òfin fún ìdáwójọ lọ́dún 2021. Ìdáwó tí èèyàn fi ń wá èrè ni òfin náà wà fún, bíi kéèyàn fowó ra ìpín nínú iṣẹ́ kékeré kan. Ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe agbátẹrù irú rẹ̀ lọ forúkọ sílẹ̀, ó sì sọ pé ará ìlú lásán ò gbọ́dọ̀ fi ju ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un lọ́dún sínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n bá òun dáwó ìwé kò sí lábẹ́ irú ìlérí èrè bẹ́ẹ̀. Ìwé ló ṣèlérí, ìwé náà ló sì gbọ́dọ̀ fún wọn. Bí ẹnì kan bá wá ń ṣèlérí ìwé lónìí, tó tún ń fi èrè orí owó kún un lọ́la, ó ti tó àkókò fún oníbàárà láti di àpò rẹ̀ mú.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, bẹ́ẹ̀ ni. Èèyàn 800 tí wọn ò mọra wọn rí lè jẹ́ kí ìwé tí ilé iṣẹ́ kankan ò fẹ́ di ohun tí wọ́n ń gbé dúró lórí tábìlì ní orílẹ̀-èdè ogún. Àmọ́ láàárín ọjọ́ tí owó náà wọlé àti ọjọ́ tí ìwé náà dé, ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ wà. Ẹni tó bá mọ̀ pé owó ọlọ́wọ́ lòun dì mú, tó ń sọ òótọ́ fún wọn kódà nígbà tí ìròyìn ò dáa, ni wọ́n tún máa dáwó fún nígbà míì.